Oògùn Oníhóró Adènà-oyún Oníwọ̀n Kékeré: Bí Ó Ṣe Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé Tó, àti Ohun Tí Ó Ń Ṣe Lára Obìnrin

Ní Sabon Gari, ní ìlú Kano, kò ṣòro láti rí oògùn oníhóró tí àwọn obìnrin ń lò láti fi ètò sí ọmọ bíbí. Orúkọ àdúgbò náà túmọ̀ sí "ìlú tuntun" ní èdè Hausa. Ìjọba amúnisìn ni ó dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé dídé ojú irin sí Kano ní 1911, kí àwọn àlejò tí wọ́n wá láti gúúsù lè ní ibi tí wọn yóò máa gbé. Láti ìgbà náà ni àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò tí wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni àwọn tí ń ta oògùn ní ìlú púpọ̀ ní àríwá Nàìjíríà ti ń ra ọjà wọn.

Bí obìnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, yálà ní Kano, ní Òṣogbo tàbí ní Agége, kò ní lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó ra káàdì oògùn kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ń tà á kì í béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kì í béèrè bóyá ó ń fún ọmọ lọ́mú, kì í sì í wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru sí. Ìgbà tí ó bá délé ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé oògùn yìí kò ní jẹ́ kí n lóyún lóòótọ́? Kí ni yóò sì fi ara mi ṣe?

Ìbéèrè méjèèjì so kọ́ra ju bí a ti ń rò lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní àwọn lóyún lórí oògùn yìí ti ń fo ọjọ́ kan tàbí méjì, tàbí kí wọ́n ti dá a dúró pátápátá, nítorí ohun kan tí wọ́n rí lára wọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn ṣáájú. Nítorí náà, a ó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò papọ̀.

Bí wọ́n ṣe dín ìwọ̀n rẹ̀ kù

Họ́mónù méjì ni ó wà nínú oògùn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ irú èyí tí ara obìnrin ń pèsè fúnra rẹ̀: ẹsítírójìn àti pùrójẹ́sítójìn. Iṣẹ́ wọn ni pé wọn kì í jẹ́ kí ilé ẹyin tú ẹyin sílẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n tún máa ń mú kí omi ẹnu ilé ọmọ ki, tí àtọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Bí ẹyin kò bá jáde, kò sí ohun tí yóò di oyún. Oògùn yìí kì í ṣẹ́ oyún tí ó ti dúró.

Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti dán irú oògùn yìí àkọ́kọ́ wò lára ọ̀pọ̀ obìnrin ní Puerto Rico, lábẹ́ ìdarí Gregory Pincus àti John Rock, láìṣàlàyé dáadáa fún àwọn obìnrin náà pé ìdánwò ni. Dókítà Edris Rice-Wray tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀ jábọ̀ pé oògùn náà dènà oyún lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé nǹkan bí 17 nínú obìnrin 100 ni ìrìndọ̀, òòyì, ẹ̀fọ́rí tàbí inú rírun ń yọ lẹ́nu, àti pé èyí ti pọ̀ jù. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Enovid gẹ́gẹ́ bí oògùn adènà-oyún ní 1960, ọdún kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira, hóró kan rẹ̀ ní máíkírógíráàmù 150 ẹsítírójìn nínú, pẹ̀lú pùrójẹ́sítójìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 10. (Máíkírógíráàmù 1000 ni ó ń jẹ́ mílígíráàmù kan.)

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú iṣan àwọn obìnrin kan tí ń lò ó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ààbò oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má ṣe fún obìnrin ní èyí tí ẹsítírójìn rẹ̀ ju máíkírógíráàmù 50 lọ. Ní 1988, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, 30 tàbí 35 ni ó wọ́pọ̀, àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò ju 20 lọ. Ẹni tí ó bá ra Microgynon 30 ti rí iye náà nínú orúkọ rẹ̀. Levofem àti Combination 3 tí a mọ̀ dáadáa ní Nàìjíríà náà ní 30, pẹ̀lú máíkírógíráàmù 150 pùrójẹ́sítójìn tí wọ́n ń pè ní levonorgestrel.

Ohun tí "oníwọ̀n kékeré" túmọ̀ sí nìyẹn. Kì í ṣe pé oògùn náà kò lágbára tó; wọ́n dín in kù títí tí ó fi ku ìwọ̀n tí ó tó láti dá ẹyin dúró, tí ewu sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé àpọ̀jù kúrò, wọ́n gé àyè ìgbàgbé kúrò pẹ̀lú. Èyí ni ó yẹ kí ẹni tí ń lò ó fi sọ́kàn.

Ohun tí obìnrin lè rí lára rẹ̀

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, "ìpalára oògùn" ni a sábà máa ń bá pàdé fún gbogbo ohun tí oògùn bá ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ tí a rán an. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Ẹni tí a bá sọ fún pé oògùn yóò "pa á lára" yóò sá, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń wí kì í ṣe ìpalára rárá. "Àtubọ̀tán" ni a ó lò níhìn-ín, nítorí pé ó lè jẹ́ rere, ó sì lè jẹ́ búburú.

Èyí tí ó ń dẹ́rù ba àwọn obìnrin jù ni ẹ̀jẹ̀ tí ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àsìkò nǹkan oṣù kò tíì tó. Ó wọ́pọ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tí ń lo èyí tí ẹsítírójìn rẹ̀ kò ju 20 lọ. Kò túmọ̀ sí pé oògùn ti bàjẹ́ tàbí pé oyún ń bọ̀. Awọ inú ilé ọmọ ni ó ń kọ́ bí yóò ṣe gbé pẹ̀lú ìwọ̀n họ́mónù tuntun. Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí obìnrin tìtorí rẹ̀ dá oògùn dúró láàárín káàdì. Bí ó bá ń lo oògùn déédéé tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, ó yẹ kí ó lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, nítorí pé àrùn ojú ara tàbí nǹkan mìíràn lè fà á.

Ìrìndọ̀ náà máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí obìnrin lo hóró náà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tàbí nígbà tí ó bá fẹ́ sùn, yóò dín kù. Ọmú lè máa ro ó, orí lè máa fọ́ ọ díẹ̀. Àwọn obìnrin kan sọ pé inú àwọn kì í dùn bí ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìbànújẹ́ náà bá pọ̀, irú oògùn mìíràn wà.

Sísanra ńkọ́? Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi àwọn tí ń lo hóró yìí wé àwọn tí kò lò ó kò rí i pé ó ń mú ènìyàn sanra lọ́nà tí ó hàn gbangba. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni ìwádìí ti rí i pé ó lè mú kí àwọn kan wúwo sí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àìtètèlóyún: ẹni tí ó dá abẹ́rẹ́ yìí dúró sábà máa ń fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin pẹ́ ju àwọn tí wọ́n lo ọ̀nà mìíràn lọ kí ó tó lóyún. Hóró kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé lé oògùn oníhóró lórí, ìtàn náà sì ti pẹ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó ń béèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ mọ́.

Nǹkan oṣù máa ń dín kù, inú rírun rẹ̀ náà sì ń dín kù. Àwọn kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde ń kó jọ sí ikùn tí yóò sì di àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tí ilé ọmọ máa ń tò sílẹ̀ lóṣooṣù kò nípọn mọ́, nítorí náà kò sí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí yóò jáde. Àǹfààní ni èyí fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Irorẹ́ ojú máa ń dín kù fún àwọn mìíràn. Ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti ti awọ ilé ọmọ ń dín kù pẹ̀lú, àǹfààní náà sì ń bá obìnrin lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó bá ti dá a dúró. Ewu jẹjẹrẹ ọmú ń ga díẹ̀ nígbà tí ó bá ń lò ó, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ewu tí ó ṣọ̀wọ́n, tí kò sì gbọdọ̀ ṣófo létí

Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ewu gidi tí ó wà níbẹ̀. Nínú obìnrin 10,000 tí kò lo oògùn yìí tí kò sì lóyún, nǹkan bí 2 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú iṣan wọn lọ́dún. Nínú 10,000 tí ń lo èyí tí ó ní levonorgestrel, ó ń tó 5 sí 7. Àwọn irú mìíràn, bí èyí tí ó ní drospirenone tàbí desogestrel, ga díẹ̀ sí i, 9 sí 12. Ewu kan náà nínú oyún àti ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ pọ̀ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ; ọ̀pọ̀ tí ń bẹ̀rù hóró ni kò mọ èyí.

Ẹni tí ewu náà lè kàn ni ó yẹ kí a mọ̀ ṣáájú. Kí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà. Kò yẹ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún rí, ẹni tí ó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn, ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn líle, ẹni tí ó ti pé ọdún 35 tí ó sì ń mu sìgá, àti ẹni tí túúlu rẹ̀ máa ń bá ìmọ́lẹ̀ yẹ̀rìyẹ̀rì lójú wá kí orí tó fọ́. Kò yẹ fún ìyá tí ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́mú. Oògùn oníhóró mìíràn tí kò ní ẹsítírójìn wà fún irú wọn. Ní ti àwọn tí ó ní àrùn fònìkúfọ̀ladìde, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà pé wọ́n lè lò ó lápapọ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti le sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn a máa tètè dì. Ó dára kí wọ́n bá dókítà tí ń tọ́jú wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì béèrè nípa èyí tí kò ní ẹsítírójìn.

Ẹ wò ó, gbogbo àyẹ̀wò tí à ń sọ yìí kò gbà ju ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti ìbéèrè bíi mẹ́wàá lọ. Kò sí ìdí tí kẹ́míìsì tí ó ń ta oògùn lójoojúmọ́ kò fi ní lè ṣe é.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dun ni, bí àyà bá ń dun ni tàbí èémí kò bá délẹ̀, bí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, bí orí bá ń fọ́ lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tàbí bí apá kan ara bá ń kú, kí obìnrin dá oògùn dúró kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tí ń wọ ọkọ̀ alẹ́ láti Sabon Gari lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó ń jókòó lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, kí wọ́n sì máa mu omi.

Bí ó ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó

Bí obìnrin 100 bá ń bá ọkọ wọn lò pọ̀ fún ọdún kan láìlo ohunkóhun, nǹkan bí 85 ni yóò lóyún. Bí 100 bá lo hóró yìí láìfo ọjọ́ kankan, kò ní tó ẹnì kan. Bí 100 bá lò ó bí ènìyàn ṣe ń lò ó gan-an, pẹ̀lú ìgbàgbé àti ìrìn àjò, nǹkan bí 7 ni yóò lóyún. Àárín kò-tó-ẹnì-kan àti méje yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Hóró 28 ni ó sábà máa ń wà nínú káàdì. 21 ní họ́mónù. Méje tí ó kù, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ búráùn, jẹ́ èròjà irin lásán tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára. Ní ọjọ́ méje yẹn, ilé ẹyin ń bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Kò léwu níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ náà kò bá ju méje lọ. Ohun tí ó léwu ni kí obìnrin pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun, tàbí kí ó gbàgbé àwọn hóró tí ó ṣáájú àwọn búráùn wọ̀nyẹn, nítorí pé ìsinmi ilé ẹyin yóò di ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ẹyin yóò sì jáde.

Ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀kan tàbí méjì nínú hóró tí ó ní họ́mónù, kí ó lo ọ̀kan ní kété tí ó bá rántí, kí ó sì máa bá a lọ bí ó ti yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ méjì ní ọjọ́ kan. Bí ó bá gbàgbé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léra, kí ó lo ọ̀kan kíá, kí ó máa bá a lọ, kí ó sì lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta ni èyí ṣẹlẹ̀, kí ó parí àwọn tí ó ní họ́mónù, kí ó ju àwọn búráùn nù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá bì láàárín wákàtí méjì tí ó lo hóró, kí ó lo òmíràn.

Ní oṣù Ramadan, ìgbà sààrì tàbí ìṣínu dára láti lò ó, nítorí pé àkókò méjèèjì ní ohun tí ń ránni létí. Àwọn obìnrin kan a máa fo àwọn búráùn kí nǹkan oṣù má ba ààwẹ̀ tàbí Hajj wọn jẹ́. Èyí kò léwu fún ẹni tí oògùn náà bá lára mu.

Oògùn tí ń bá a jà, àti èyí tí kì í bá a jà

Rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn tí a fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè pa họ́mónù náà run. Obìnrin tí ó wà lórí ìtọ́jú yìí kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé hóró nìkan. Bákan náà ni carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital tí a fi ń tọ́jú wárápá, àti díẹ̀ nínú oògùn kòkòrò HIV. Amoxicillin àti Ampiclox kì í bá a jà bí àwọn ènìyàn ti ń sọ, àyàfi tí wọ́n bá fa èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ jẹ́ kí á fi kún un pé Ampiclox fúnra rẹ̀ kì í dènà oyún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó bẹ́ẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún kò lè ṣe é pẹ̀lú. Postinor 2 jẹ́ ti pàjáwìrì, láàárín wákàtí 72. Bí a bá sọ ọ́ di oògùn ojoojúmọ́, yóò da nǹkan oṣù rú, kò sì ní dènà oyún tó hóró ojoojúmọ́.

Ibi tí a ti rà á

Oògùn tí ó dára lè bàjẹ́ lórí àtẹ. Púpọ̀ nínú káàdì wọ̀nyí ni wọ́n kọ sí lára pé kí a má ṣe jẹ́ kí ooru ibi tí wọ́n wà kọjá 30°C, bẹ́ẹ̀ ni ooru Kano ń kọjá 40°C láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Káàdì tí ó ti wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti àárọ̀ kò ṣeé fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìgbìmọ̀ PCN, tí ń ṣàkóso iṣẹ́ apoògùn ní Nàìjíríà, fẹ́ kí àwọn oníṣòwò oògùn kúrò ní ọjà gbangba. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Kano dá a láre, wọ́n sì ní kí àwọn tí ń ta oògùn ní Malam Kato Square àti ọjà Sabon Gari kó lọ sí ibùdó tí wọ́n kọ́ sí Dangwauro. Ayédèrú náà kò ṣàìsí: ní ọdún 2025, àjọ NAFDAC kìlọ̀ fún ará ìlú nípa ayédèrú Postinor 2. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí agbára oògùn yóò tán, kí ẹ sì wò ó bóyá ike tí ó bo hóró kọ̀ọ̀kan ṣì wà pátá. Bí nọ́ńbà tí ó wà lára páálí bá yàtọ̀ sí ti ara káàdì, ẹ má ṣe rà á.

Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣètò pé kí ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún ìbọ̀wọ́ àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní Kano sábà máa ń pè é ní tazarar haihuwa, èyí tí ó túmọ̀ sí àlàfo láàárín ìbí kan àti òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà tutù létí ju tiwa lọ, ó sì ń mú kí ọkọ tètè gbọ́. Obìnrin tí ó ń fi káàdì pamọ́ fún ọkọ tàbí fún ìyá ọkọ ni ó máa ń fo ọjọ́ jù lọ, nítorí pé kò lè mú un jáde nígbà tí ilé bá kún. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní gbangba. Èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá tàbí sínú ilé ọmọ kò nílò ìrántí ojoojúmọ́, kò sì tó ẹnì kan nínú 100 tí ń lóyún lórí rẹ̀ lọ́dún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lóyún kò nílò oògùn kankan láti "fọ" hóró kúrò lára. Kí ó parí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹyin lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà oyún lè dúró kí ó tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn.